Orin àti Ìdàgbàsókè Ọmọdé: Àyẹ̀wò Orin Ọmọdé ní Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí orin Yorùbá ni ó jẹ́ pé orin àgbà ni wọ́n gbájú mọ́: orin ọdún ìbílẹ̀, orin òrìṣà, orin ìgbéyàwó àti orin òṣèlú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mẹ́nu ba orin ọmọdé, ojú eré lásán ni wọ́n fi máa ń wò ó, bí ẹni pé ọmọdé ń kọrin nítorí pé kò tí ì ní iṣẹ́ gidi kan tí yóò ṣe. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé orin náà gan-an ni iṣẹ́ ọmọdé, àti pé ipa tí ó ń kó nínú ìdàgbà àti ìwà rẹ̀ kò kéré rárá.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ìfẹ́ tí a ní sí ohun ìbílẹ̀ mú wa sọ àsọdùn. Ìbéèrè méjì ni ó wà níwájú wa. Èkíní ni pé, kí ni orin ń ṣe fún ọmọdé ní tòótọ́, kí sì ni àwọn ènìyàn kàn ń sọ pé ó ń ṣe? Èkejì ni pé, nígbà tí orin bá kúrò ní agboolé tí ó wọ inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù lọ, ǹjẹ́ iṣẹ́ kan náà ni ó ṣì ń ṣe? Ìdáhùn wa ni pé orin kì í gba etí nìkan wọ inú ọmọ. Ara ọmọ àti àwọn tí ó yí i ká ni ó ń gbà wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ó jókòó gbọ́ orin, ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́.

Àríwá Èkìtì, láti Àsin-Èkìtì àti Ìkọ̀lé títí dé Ọyẹ́ àti Ìdó, ni a ti mú àpẹẹrẹ wa. Ìdí méjì ni a fi yan agbègbè yìí. Lọ́nà kìíní, ibi tí orin ti jinlẹ̀ ni. Àwọn obìnrin Èkìtì ni a mọ̀ mọ alámọ̀, àwọn náà ni wọ́n ń lu igbá títí, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń rí àwọn ọmọdé tí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Lọ́nà kejì, èdè mẹ́ta ni ó máa ń dúró de ọmọ agbègbè yìí: ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní ilé, Yorùbá àjùmọ̀lò nínú ìwé àti nínú ilé ìjọsìn, àti Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Orin sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

2. Lẹ́yìn Ìyá àti Lẹ́bàá Odó

Ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ọmọ kọ́kọ́ wọ̀ ni ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ń kọ orin arẹmọlẹ́kún, kì í dúró gbagidi. Yóò máa mi ara, yóò máa fi ọwọ́ gbá ìdí ọmọ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa lọ síwá sẹ́yìn bí orin ṣe ń lọ. Ohùn, ọwọ́ àti ìṣísẹ̀ jọ ń sọ ohun kan náà fún ọmọ náà ni. Bákan náà ni ó rí lẹ́bàá odó, ní ilẹ̀ tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gidi. Bí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta bá pa odó kan pọ̀, ọmọ odó ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ àfi nígbà tí ti ẹnì kejì bá ń gòkè. Bí ẹnì kan bá ṣi ìgbà, ọmọ odó yóò kọlu ara wọn. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn ẹni tí ń gún iyán ti ń gba ẹ̀kọ́ nípa bí ìlù ṣe ń pín àkókò, kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìlù.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé ti ṣe ìwádìí tí ó ti èyí lẹ́yìn. Ní ọdún 2005, Jessica Phillips-Silver àti Laurel Trainor, ní Kánádà, lu ìlù kan fún àwọn ọmọ oṣù méje. Wọn kò fi agbára lu ibì kan ju ibì kan lọ nínú ìlù náà. Bí ìlù ti ń lọ, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ kan sókè sódò ní èjì-èjì, wọ́n sì ń gbé àwọn ìyókù ní ẹ̀ta-ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún ìlù náà lù ní ọ̀nà méjì, èyí tí ó pín sí èjì-èjì àti èyí tí ó pín sí ẹ̀ta-ẹ̀ta. Ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ láti gbọ́ èyí tí ó bá bí a ṣe gbé e mu. Nígbà tí wọ́n di ojú àwọn ọmọ mìíràn, bákan náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ kàn jókòó tí ó ń wo ẹlòmíràn tí ń fò sókè sódò, kò sí ohun kan tí ó yí padà nínú ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Kókó tí ó ṣe pàtàkì sí wa nìyẹn: wíwò kò tó, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, Erin Hannon àti Sandra Trehub fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè mọ̀ bí a bá ba ìṣísẹ̀ orin ilẹ̀ òkèèrè jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè mọ̀ bí a bá ba ti ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún kan, ti ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń mọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kí ọmọ tó lè rìn dáradára ni etí rẹ̀ ti ń yan ilé tí yóò máa gbé. Ohun tí a bá fi yí i ká ní ọdún kìíní yẹn ni yóò yàn.

3. Orin àti Ohùn Èdè

A kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún àwùjọ yìí pé èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ rìnrìn àjò, ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni ohun tí àbùdá yìí ń ṣe sí ọmọ tí ń kọrin. Nínú orin tí ó ti inú èdè náà jáde, ohùn orin kì í lọ jìnnà sí ohùn ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè ni orin sábà máa ń gòkè, ibi tí ọ̀rọ̀ bá wálẹ̀ ni orin máa ń wálẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Kàtídírà Ṣọ́ọ̀ṣì Krístì ní ìlú Èkó láti ọdún 1914 sí 1962, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó kọ lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ó rí i pé bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin ìsìn tí ó ti òkèèrè wá, ìtumọ̀ máa ń dàrú: ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀ yóò gòkè, ọkọ́ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ̀.

Àgbà tí ó ti gbọ́ èdè délẹ̀ yóò tún irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ọkàn ara rẹ̀, kò sì ní ṣì í gbọ́. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tí ahọ́n rẹ̀ kò tí ì gba gbogbo kọ́ńsónáǹtì a sì máa pe ohùn ọ̀rọ̀ bí ó ṣe yẹ. Ohùn ni ó fi ń mú ọ̀rọ̀ dání kí ìyókù tó dé. Bí orin tí ó ń kọ lójoojúmọ́ bá bá ohùn náà mu, orin náà jẹ́ ìdárayá fún èdè rẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ọmọ yóò kọ́ orin náà bí ẹni há ohun tí kò yé e sórí.

A tún gbọdọ̀ wo bí a ṣe to orin wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú orin ọmọdé ni ó ní lílé àti gbígbè. Ègbè kúrú, kì í sì í yí padà. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀ kan pàtó. Lílé gùn, ó sì ń yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ègbè, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Bí ó ti ń gbè é lálaalẹ́ ni lílé ń wọ̀ ọ́ létí, títí ọjọ́ kan tí ẹni tí ń lé orin kò ní sí nílé, tí òun yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi pátákó àti ẹfun kọ́ ọ. Orin náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé àkàbà kalẹ̀ fún un.

Orin inú àlọ́ ní àǹfààní mìíràn ní agbègbè yìí. Ó sábà máa ń pa ẹ̀ka-èdè mọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ lọ, nítorí pé bí a bá yí i padà, orin yóò dàrú. Ọmọ tí ó rí ‘ilé’ àti ‘iṣu’ nínú ìwé kíkà rẹ̀ yóò bá ‘ulé’ àti ‘uṣu’ pàdé nínú orin ìyá ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ àṣìṣe, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí wé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1983, Lynette Bradley àti Peter Bryant fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún tí wọ́n lè dá àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra mọ̀ ni ó sàn jù nínú ìwé kíkà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Orin kò kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Etí tí ó mọ bí a ti ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́, inú irú eré bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ń rí etí náà.

4. Orin Eré Òṣùpá àti Ìwà

Ẹ jẹ́ kí a mú eré ẹkùn mẹ́ran gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ yóò di ọwọ́ ara wọn mú, wọn yóò ṣe agbo. Ọ̀kan jẹ́ ewúrẹ́ nínú agbo, ọ̀kan jẹ́ ẹkùn lóde. Ẹkùn ń yí agbo po, orin ń lọ, àwọn ọmọ ń dáhùn, ẹkùn sì ń wá ibi tí ọwọ́ ti rọ̀ kí ó lè já wọlé. Ọmọ tí ó bá tú ọwọ́ sílẹ̀ ti pa ewúrẹ́. Nínú bojúbojú ẹ̀wẹ̀, ẹni tí a di lójú kò gbọdọ̀ dìde títí ìpè àti ìdáhùn yóò fi parí, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ máa yún un tó.

Bí a bá wo eré méjèèjì dáradára, a ó rí i pé ohun tí a ń pè ní ìwà ọmọlúàbí ni ó wà nínú wọn ní kékeré. Ọmọ ń kọ́ láti dúró de ìgbà tirẹ̀. Ó ń kọ́ láti di ẹlòmíràn mú nígbà tí ewu bá dé. Ó ń gba òfin tí kò sí àgbà kankan níbẹ̀ láti fi pàṣán gbé ró, nítorí pé bí òfin bá bàjẹ́, eré náà bàjẹ́ nìyẹn. Orin ni ó ń sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé àkókò tó tàbí kò tí ì tó.

Àwọn ìwádìí òde òní sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, Sebastian Kirschner àti Michael Tomasello, ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, mú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe eré ní méjì-méjì. Àwọn kan ń kọrin, wọ́n sì ń jó pọ̀. Àwọn mìíràn ṣe eré kan náà láìsí orin. Nígbà tí ìṣòro kékeré kan dé bá ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn eré, àwọn tí ó ti jọ kọrin ni ó yára ran ara wọn lọ́wọ́ jù. Ní ọdún 2014, Laura Cirelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tí ó fara jọ èyí lára àwọn ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Bí àgbà bá ti bá ọmọ mi ara ní ìṣísẹ̀ kan náà, ọmọ náà a máa yára bá a mú ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ju bí ìṣísẹ̀ wọn bá yàtọ̀ síra lọ. Nínú ìwé tí John Blacking kọ ní ọdún 1967 lórí orin àwọn ọmọ Venda ní Gúúsù Áfíríkà, òun náà ti sọ pé kì í ṣe bí orin ṣe rọrùn tó ni àwọn ọmọ fi ń to kíkọ́ rẹ̀, bí kò ṣe bí àwùjọ wọn ṣe ń lò ó tó. Ọmọ ń kọ́ orin nítorí pé ó fẹ́ wà nínú agbo.

5. Ọmọ tí ó Wà ní Ìta Agbo

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn tí ń yin orin ìbílẹ̀ kì í fẹ́ sọ. Orin tí ó ń so ọmọ mẹ́sàn-án pọ̀ lè lé ọmọ kẹwàá síta. Gbogbo wa ni a mọ orin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣẹ̀sín ẹni tí ó tọ̀ sórí ẹní, tàbí ẹni tí a bá ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Wọn yóò tẹ̀ lé e káàkiri agboolé, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́, ègbè yóò sì máa dún. Àlàyé tí àwọn àgbà máa ń ṣe ni pé ìtìjú ni yóò mú un jáwọ́.

Bóyá ìtìjú lè dá olè ẹran dúró. Ṣùgbọ́n ti atọ̀ọ́lé yàtọ̀. Àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń tọ̀ sílé kò mọ̀ ọ́n ṣe: oorun wọn wúwo, tàbí ara wọn kò tí ì gbó tó láti mú ìtọ̀ dání títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Orin kò lè wo irú èyí sàn. Ohun tí orin lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ọmọ náà bẹ̀rù oorun, kí ó sì bẹ̀rù ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé orin kì í tún ìwà ṣe lásán. Ó ń so àwọn tí ń kọ ọ́ pọ̀ ni. Ohun tí wọ́n yóò fi ìsopọ̀ náà ṣe, ọwọ́ ọ̀rọ̀ orin àti ọwọ́ ẹni tí ń lé e ni ó wà.

6. Ǹjẹ́ Orin Ń Sọ Ọmọ Di Ọlọ́gbọ́n?

Àwọn òbí kan gbà gbọ́ pé bí ọmọ bá ń gbọ́ irú orin kan, ọpọlọ rẹ̀ yóò jí ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ yìí gbalẹ̀, nígbà tí Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn tí ó gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò kan nípa bí nǹkan ṣe rí ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì 36 ni wọ́n lò, kì í ṣe ọmọdé, àǹfààní náà kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Zell Miller, bèèrè owó lọ́wọ́ àwọn aṣòfin láti fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin irú èyí.

Ìwádìí tí ó lágbára jù wà lórí kíkọ́ orin. Ní ọdún 2004, Glenn Schellenberg pín ọmọ ọdún mẹ́fà 144 sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ méjì kọ́ orin, ẹgbẹ́ kan kọ́ eré orí ìtàgé, ẹgbẹ́ kẹrin kò kọ́ nǹkan kan. Ní òpin ọdún, òṣùwọ̀n ọgbọ́n àwọn tí ó kọ́ orin ti fi nǹkan bí 7 lé sí i, ti àwọn ìyókù sì fi nǹkan bí 4 lé. Ìyàtọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Nígbà tí Giovanni Sala àti Fernand Gobet sì pa ìwádìí 54 pọ̀ ní ọdún 2020, wọ́n rí i pé bí a bá ti ṣètò ìwádìí dáradára tó ni àǹfààní náà ń pòórá tó.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Schellenberg tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́ eré orí ìtàgé ni ìwà wọn láàárín àwùjọ sunwọ̀n sí i, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́ orin. Lójú tiwa, èyí kò tako ohun tí a sọ nípa eré òṣùpá. Ó ń tì í lẹ́yìn ni. Nínú ẹkùn mẹ́ran, kò sí ẹni tí ó lè ya orin kúrò lára eré: ọmọ kan ń ṣe ẹkùn, ọmọ kan ń ṣe ewúrẹ́, orin sì ni ó ń darí wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà pín sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, agbo kan ṣoṣo ni ní Ìkọ̀lé.

7. Orin ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1977 ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí èdè abínibí bá lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sí ìdí tí kò fi lè gbé orin.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, orin Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kí ọmọ káàbọ̀, òun náà ni a fi ń kó wọn lọ sílé. A kò sọ pé kò sí àǹfààní nínú orin náà. Orin afárá Lọ́ńdọ́ọ̀nù pàápàá ní ìdíwọ́mú àti ìmúnisínú, ó sì fara jọ ẹkùn mẹ́ran. Ohun tí ó sọnù ni okùn tí ó so ohùn orin pọ̀ mọ́ ohùn èdè ọmọ, àti èyí tí ó so ọmọ pọ̀ mọ́ ìyá àgbà tí ó wà nílé. Ọmọ náà kò ní rí ẹni tí yóò bá a gbè é.

A dá àbá mẹ́ta. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá láti ẹnu àgbà ilé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀ka-èdè tí ó wà nínú rẹ̀ dúró bí ó ti wà. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gba lílé lọ́wọ́ ara wọn, kí ọmọ tí ń tijú má baà wà ní ègbè títí láé. Kí ó sì kó orin èébú kúrò, pàápàá ti atọ̀ọ́lé, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ogún ni a ń jẹ. Ní ti rédíò àti fóònù, wọ́n wúlò láti fi kọ́ orin tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ ní agboolé, níwọ̀n ìgbà tí a bá pa wọ́n lẹ́yìn náà kí agbo tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a lè fi dán àbá yìí wò kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ gba orin, pé orin tí ó bá ohùn èdè mu ń ran èdè ọmọ lọ́wọ́, àti pé orin agbo ń kọ́ ọ ní bí a ti ń bá ènìyàn gbé. A tún ti rí i pé orin kan náà lè ṣe ọmọ ní jàǹbá, àti pé kò sí ẹ̀rí tí ó lágbára pé gbígbọ́ orin ń sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n. Bí a bá ń gbèjà orin ọmọdé nítorí ọgbọ́n orí nìkan, ọjọ́ tí ẹ̀rí bá já ni a ó pa á tì. Ìdí tí ó fi yẹ kí a gbèjà rẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú agbo ni ọmọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé bí òun bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni ẹkùn yóò gbé.